Ta Ló Rán Wọn Wá?

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìwọ́de kò tíì pé, ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ ti ń káàkiri orí WhatsApp: "Ẹ pe àwọn ọmọ yín sílé o. Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló fẹ́ jáde. Wọ́n ti pín owó fún wọn." Ta ló pín in? Èló ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ojú ta ni wọ́n ti kà á? Kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dùn mí wọ eegun, nítorí ẹni tó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi.

Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ni. Èèyàn dáadáa ni bàbá yìí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bí tọkọtaya bá ń jà lóru, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ kàn. Bí owó ilé ìwé ọmọ bá há ẹnì kan mọ́, bàbá yìí á yá a lówó, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kàn pa ohùn náà rẹ́ lórí fóònù mi kí n máa bá tèmi lọ. Nǹkan kan wà tí èmi àti bàbá yìí jọ fojú rí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síbí.

Tíráńsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù lóru ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀. Láti ọjọ́ náà, òkùnkùn biribiri. A kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná, a tún kọ òmíràn, wọ́n ní àwọn ti rí i. Òṣìṣẹ́ wọn kan wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní bí a bá fẹ́ kó tètè yá, ká dá owó jọ, ká ra tiwa. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀yin lẹ máa dá owó, ẹ̀yin lẹ máa rà á, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ tán, ó ti di tiwọn. Bíìlì ò sì dúró o. Iná ò sí, bíìlì àfojúdá ń wọlé lóṣooṣù. Ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín kó ẹja rẹ̀ dà nù. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ, gbogbo èrè rẹ̀ ń bá epo lọ.

Ní ìpàdé oṣù yẹn, Alága dìde. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní gbogbo wa la máa lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn, ká gbé páálí dání, ká dúró níwájú géètì títí ọ̀gá wọn á fi jáde sí wa. Ẹnì kan bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀yin Alága, ṣé ìwọ́de la fẹ́ ṣe ni?" Ojú Alága le koko. "Ìwọ́de kẹ̀? Àwọn ọmọ ìta ló ń ṣe ìwọ́de. Àgbààgbà tó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ wọn ni wá." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ẹ wo àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà. Alága fúnra rẹ̀, nínú aṣọ funfun. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, tí kò tíì fojú kan oorun. Alhaja tó ń ta aṣọ, tòun ti agbòòrùn. Díákónì kan. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó wà lórí páálí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà àti lọ́dọ̀ wẹ́dà náà wá, ayálégbé ni wọ́n, wọn kò nílé, wọn kì í bá wa jókòó ní ìpàdé. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n gbọ́, wọ́n tẹ̀ lé wa, nítorí wẹ́dà ò lè jó irin láìsí iná. Àwọn ló gbé páálí tó tóbi jù. Àwọn ló gbé àga tí ìyá àgbà kan máa fi sinmi bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó.

Bí a ṣe ń lọ létí títì, ọkùnrin kan yọrí nínú mọ́tò, ó pariwo pé, "Ẹ lọ wá iṣẹ́ ṣe!" Nọ́ọ̀sì ló wà níwájú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Obìnrin tó dúró ti aláìsàn láti alẹ́ mọ́jú ni wọ́n ń sọ fún pé kó lọ wáṣẹ́.

A dé ẹnu géètì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò bèèrè ohun tó gbé wa wá. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ló rán yín wá?" Alága ní kò sẹ́ni tó rán wa, pé ara wa la rán. Ó tún bèèrè. Àwọn ọlọ́pàá méjì dé, àwọn ní tiwọn ń bèèrè ìwé àṣẹ. Láti 2007 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ ọ́, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, pé aráàlú kò nílò àṣẹ ọlọ́pàá kí wọ́n tó péjọ ní àlàáfíà. Akọ̀wé wa sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wò ó bí ẹni tó ń sọ èdè tí wọn ò gbọ́.

Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ọ̀gá kan jáde. Kò wo Alága, kò wo Alhaja. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sára àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wọ̀nyẹn, nínú aṣọ iṣẹ́ tí epo ti ta sí. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbààgbà, mo lè bá yín sọ̀rọ̀. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi àwọn jàǹdùkú yìí ṣe?"

Àwọn ọmọ náà kò tíì ya ẹnu wọn. Kò sí òkúta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àga ìyá àgbà ló wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Alága wẹ̀yìn, ó wò wọ́n, ó ní, "A ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn tẹ̀ lé wa ni."

Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. A ò mọ̀ wọ́n! Ọmọ tó máa ń lẹ táyà mọ́tò Alága fúnra rẹ̀, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Èyí tó gbé àga sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ. Mo sọ fún Alága níbẹ̀ pé ohun tó ṣe yẹn kò dáa. Ó ní, "Ọmọ mi, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní gbọ́ tiwa." Wọ́n sì gbọ́ tiwa lóòótọ́. Wọ́n mú àwọn àgbà bíi mélòó kan wọlé, wọ́n fún wọn ní omi tútù, wọ́n ní kí wọ́n máa retí. Nígbà tó yá, tíráńsífọ́mà dé, ògbólógbòó tí wọ́n tún ṣe. A ṣe ìdúpẹ́. Wọ́n dárúkọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbàdúrà fún wa. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àwọn ọmọ yẹn.

Bàbá yìí kan náà ló wá ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló fẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló rán àwọn èèyàn wá, kò fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n gbé wá. Ohun tí wọ́n kọ sórí páálí ṣòro dáhùn. Ó rọrùn kéèyàn wo ẹni tó gbé páálí náà dání, kó wo bàtà rẹ̀, kó wo irun orí rẹ̀, kó ní irú èyí kọ́ ló yẹ kó máa bá ìjọba sọ̀rọ̀. Irú wo ló wá yẹ? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde, wọ́n á ní ọmọdé ni, kó lọ kàwé rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá jáde, wọ́n á ní àpò ara rẹ̀ ló ń jà fún. Bí obìnrin bá jáde, wọ́n á bèèrè ọkọ rẹ̀. Bí olówó bá jáde, wọ́n á ní ipò ló ń wá. Bí òtòṣì bá jáde, wọ́n á ní búrẹ́dì ló tẹ̀ lé débẹ̀. Ta ló wá kù?

Ó máa ń yà mí lẹ́nu jù nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti ẹnu ọmọ Yorùbá jáde. Ṣé a ti gbàgbé Abẹ́òkúta ni? Ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni, àwọn tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló sọ ẹgbẹ́ náà di alágbára, àwọn tó ń ta ìrẹsì, tí ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé ọjà wọn nígbà ogun Hitler, tó sì tún ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ẹgbẹ́ gbà wọ́n wọlé, wọ́n kọ́ wọn níwèé, nígbà tó di 1946 orúkọ ẹgbẹ́ náà di Abẹ́òkúta Women's Union. Ìyáàfin Ransome-Kuti tó kàwé dé Ìlú Ọba bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá bíi tiwọn. Nígbà tí wọ́n jáde ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, wọ́n sùn, wọ́n jí síwájú ààfin Aláké. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ní àwọn ò fún wọn láyè ìwọ́de, wọ́n ní kì í ṣe ìwọ́de, àríyá ni. Owó orí àwọn obìnrin dúró. Aláké náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá, kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ẹ bá mi rò ó o: ká ní ìyá yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin, tó wẹ̀yìn wo àwọn oníresì, tó ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n, wọ́n kàn tẹ̀ lé mi ni," kí là bá máa sọ nípa rẹ̀ lónìí?

Àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ńkọ́, àwọn àgbẹ̀ tó dìde nítorí owó orí ní 1968 sí 1969? Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ gbéra lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ni nǹkan tó lójú, tí owó orí wálẹ̀. Ẹnì kan ní láti gbà pé ará oko náà mọ ohun tó ń dùn ún. Ní 1978 tí owó oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kúrò ní 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ tó di náírà kan ààbọ̀, tí Ṣẹ́gun Òkèówò, olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣáájú wọn jáde láti wọ́de, wọ́n lé òun alára kúrò ní ilé ìwé. Àwọn tó bá a jáde nígbà náà ti di bàbá àti ìyá àgbà báyìí. Mélòó nínú wọn ni kò tíì sọ fún ọmọ tiwọn pé kó jókòó sílé?

Ọdún 2012 ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ní ọjọ́ kìíní ọdún, bẹntiróòlù kúrò ní 65 náírà, ó di 141. Ọ̀jọ̀tá ní Èkó kún fọ́fọ́ fún àwọn tó ń wọ́de. Olórin wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀. Àwọn òṣèlú alátakò ìgbà náà ń yìn wọ́n, wọ́n ń kọ̀wé síta pé ìjọba ti da aráàlú. Àwọn tó wà lórí oyè ló ń bèèrè pé ta ló ń bọ́ wọn. Owó epo wálẹ̀ sí 97, wọ́n sì da ṣọ́jà sí Ọ̀jọ̀tá. Lónìí, àwọn tó ń yìn wọ́n nígbà yẹn ti bọ́ sórí oyè, ìbéèrè kan náà ti dé ẹnu tiwọn. Báwo ni ohun kan ṣe máa jẹ́ ẹ̀tọ́ nígbà tí o ò sí nípò, tí á wá di ọ̀tẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá débẹ̀?

Bó bá sì ṣe owó ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ lóòótọ́, ẹnì kan ti dáhùn rí. Nígbà EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ ṣe lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà nínú Feminist Coalition gba owó ìrànlọ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ó lé ní 140 mílíọ̀nù náírà. Wọ́n ń kọ èyí tó wọlé síta, wọ́n ń kọ èyí tó jáde: oúnjẹ, omi, owó ilé ìwòsàn ẹni tó farapa, ìnáwó láti gba ẹni tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tèmi kò tíì ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé mi. Kí ló wá tẹ̀ lé e? Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, báńkì àpapọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n ti àkáǹtì àwọn 20 tí wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ nínú ìwọ́de náà pa. Ìbéèrè wá, èsì dé pẹ̀lú àkọsílẹ̀, ìyà ló sì tẹ̀ lé èsì. Látọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé wọn ò wá èsì.

Ẹ rántí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2024. Wọ́n kó èèyàn 76 wá sílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún náà, èyí tí wọ́n ṣe nítorí ìyà àti ọ̀wọ́n gógó. Ọmọdé wà nínú wọn, àwọn ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé. Ọ̀tẹ̀ sí ìjọba wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Mélòó kan nínú àwọn ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ ní kóòtù níbẹ̀, gbogbo wa sì rí fídíò rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n dá wọn sílẹ̀. Mo wà nídìí fóònù mi lọ́jọ́ náà, mo ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ fídíò: "Àwọn òbí wọn dà? Ta ló rán wọn níṣẹ́?" Ọmọ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè dìde, ẹni tó rán an ni wọ́n ń wá. Mo sunkún. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Àwọn tó sì rò pé ojú títì kò lè kan àwọn láéláé, kí wọ́n rántí oṣù keje 2025, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jáde ní Àbújá nínú òjò, tí wọ́n gbé páálí nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn. Àwọn bàbá yìí ti fi ìgbà èwe wọn tú irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ká. Mi ò yọ̀ wọ́n rárá. Àánú wọn ṣe mí, mo sì gbàdúrà pé kí ẹnikẹ́ni má lọ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló rán wọn.

Ọ̀rọ̀ mi ì bá parí síbí. Àmọ́ mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta fóònù. Ní oṣù kẹwàá 2020 yẹn, lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn níbi tí àwọn tó ń wọ́de péjọ sí ní Lẹ́kkí, nígbà tí gbogbo nǹkan dàrú, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n kó o tán pátápátá. Ẹ̀yáwó ló fi ra ọjà náà, ó sì pẹ́ kó tó san gbèsè rẹ̀ tán. Mo ka ohun tí mo kọ yìí fún un kí n tó gbé e síta. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá bi mí pé, "Àwọn tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé ìwọ mọ̀ wọ́n?" Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n, wọn kì í ṣe ara wa, jàǹdùkú ló já wọ àárín wa. Ó ní, "Ohun tí Alága yín náà sọ nìyẹn."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan ńkọ́, ta ló máa sọ pé òun mọ̀ wọ́n? Ṣé èyí tó bá gbálẹ̀ títì tó sì pín omi ni ara wa, èyí tó bá jalè ni ará ìta? Mo sọ fún un pé ìjọba ló yẹ kó dáàbò bò ó. Mo rán an létí àwọn fídíò tó káàkiri nígbà náà, níbi tí mọ́tò ti ń já àwọn tó gbé igi àti àdá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wọ́de jẹ́jẹ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ lòun gbà. Ó ní kò sí èyí tó dá fóònù kan ṣoṣo padà sórí kàǹtà òun nínú gbogbo rẹ̀, àti pé nínú gbogbo àwa tí a kọ nǹkan gígùn gígùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó wá bi òun pé báwo lòun ṣe ń jẹun.

Mi ò rí èsì tó tó fún un. Mo ṣì máa jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kò sóhun tó yí ìyẹn padà. Mo lọ bá ọmọ tó gbé àga lọ́jọ́sí, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó ní rárá, pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà á tún ní àwọn ò mọ òun. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun á sì jókòó síwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ìlú yìí ń dùn jù lọ nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣèlérí fún èyíkéyìí nínú wọn.